Bòtujẹ̀ Bàbá Ìsẹ́yìn Dé Sandton

Mi ò tíì jókòó dáadáa nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi láti pápá ọkọ̀ òfuurufú O.R. Tambo lọ sí Sandton tí fóònù mi fi dún. Bàbá Ìsẹ́yìn ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àgbẹ̀ paraku, wọ́n sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n bèèrè bí mo ṣe rìn, wọ́n bèèrè òtútù, wọ́n bèèrè bóyá mo ti jẹun. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá bèèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an.

"Níbi tó o lọ yẹn, ṣé wọ́n ń ra bòtujẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná." Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán lẹ́nu mi tí wọ́n fi kéde pé a ti dé. Ọkọ̀ yẹn kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 2010 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ mẹ́ta péré kí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Ìpàdé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ló gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni iṣẹ́ mi, mi ò sí nínú òwò epo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ò ní sọ pé iṣẹ́ òun kọ́.

Kò sí ilé tí wọn ò ti mọ bòtujẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ń pè é ní lóbòtujẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní làpálàpá, orúkọ tó tún jẹ́ ti àìsàn awọ ara kan. Òun ni wọ́n ń gbìn yí ọgbà ká, nítorí ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án. Bí a bá ṣẹ́ ewé rẹ̀, oje tó ń hó bí ọṣẹ máa ń jáde lára rẹ̀, àwa ọmọdé a sì máa fi ẹnu fẹ́ ẹ títí yóò fi wú róbótó tí yóò sì fò lọ. Ìyá àgbà mi máa ń fi oje yẹn kan ẹnu ọmọ ọwọ́ tí ahọ́n rẹ̀ bá funfun. Kò sẹ́ni tó ronú pé èèyàn lè fi wa mọ́tò.

Nígbà tó wá di ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde lórí epo tí wọ́n ń fi ohun ọ̀gbìn ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí wọ́n máa po ọtí tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké ṣe mọ́ bẹntiróòlù, kí wọ́n sì máa po epo inú èso mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 2007 yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ BP àti D1 Oils ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó pọ̀ láti máa gbin bòtujẹ̀ káàkiri ayé. Ní oṣù Keje 2008, àgbá epo rọ̀bì kan kọjá 140 dọ́là. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún náà, ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ Air New Zealand kan gbéra ní Auckland, ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rin sì ń jó epo tí wọ́n fi epo bòtujẹ̀ pò ní ìlàjì. Ta ni ò ní gbàgbọ́?

Bàbá gbàgbọ́. Àwọn kan wọ jíìpù wá sí abúlé. Wọ́n sọ pé igi yìí ò fẹ́ omi, kò fẹ́ ajílẹ̀, ilẹ̀ tí kò dára gan-an ni ilé rẹ̀, àti pé yóò máa so fún nǹkan bí ogójì ọdún. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò máa wá kó èso náà. Wọ́n wá ta irúgbìn fún un. Owó káṣú ọdún yẹn ni Bàbá fi rà á, wọ́n sì gbìn ín sí éékà mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tẹ́lẹ̀. Ọdún kẹta ni èso tó ṣeé kó jáde. Nígbà yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fún un ò lọ mọ́. Àpò mọ́kànlá ló wà nínú abà títí eku fi lu wọ́n jálẹ̀, àwọn eku náà ò sì jẹ kóró inú rẹ̀. BP pàápàá ti yọ ọwọ́ kúrò lọ́dún 2009, ṣùgbọ́n BP ní ibòmíì tó lè gbé owó rẹ̀ sí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n bi mi nínú ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Oṣù Kẹfà ni mo dé Sandton, ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Òkè pátápátá ni Johannesburg wà, ó fi nǹkan bí 1,700 mítà ga ju òkun lọ, òtútù àárọ̀ ibẹ̀ sì kọjá ti ọyẹ́ tí a mọ̀. Yìnyín tín-ín-rín máa ń bo koríko ní ìdájí. Bòtujẹ̀ ò lè fara da irú rẹ̀, nítorí igi ilẹ̀ gbígbóná ni, Amẹ́ríkà Àárín ló sì ti wá. Ẹni tó bá ń wá bòtujẹ̀ ní Sandton ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gíláàsì àti kọ́ńkéré ló kún ibẹ̀. Bí a bá sì gba ìhà ìlà-oòrùn kọjá títì márosẹ̀ M1, Alexandra la máa já sí, níbi tí ilé páànù há mọ́ ara wọn débi pé kò sí àyè tí èèyàn ì bá gbin ohunkóhun sí.

Orúkọ ìlú náà kọ́kọ́ gba ọkàn mi, àìsàn iṣẹ́ mi nìyẹn. Àdúgbò méjì ni wọ́n so pọ̀, Sandown àti Bryanston, wọ́n mú orí ti àkọ́kọ́ àti ìdí ti ìkejì, ó sì di Sandton nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìlú tó dá dúró lọ́dún 1969. Nígbà tí mo dé òpópónà Katherine, mo rí ilé gíláàsì ńlá kan tí òun náà ní orúkọ àkànpọ̀: Sasol. Èdè Afrikaans ni wọ́n gé kúrú níbẹ̀, èédú, epo àti gáàsì sì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún 1955 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí epo mọ́tò mú jáde láti inú èédú tí wọ́n wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí ayé ń fi àìtà epo fìyà jẹ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, èédú yìí ni wọ́n sá sí lábẹ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń kọjá níwájú ilé yẹn ló ń jó epo tó ti fìgbà kan rí jẹ́ òkúta dúdú. Kò dára fún afẹ́fẹ́, èéfín rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ó là mí lójú sí ohun kan: epo kì í sọnù nítorí àìsí orísun. Owó tí ẹni tó fẹ́ fà á jáde máa ná, àti ẹni tó máa rà á, ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú èso bòtujẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá sá ọgọ́rùn-ún kílò èso gbígbẹ, nǹkan bí 40 kílò nínú rẹ̀ ni èèpo ìta. Ìyẹn dára láti fi dáná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. 60 kílò tó kù ni kóró dúdú tí a mọ̀. Kóró náà tún ní èèpo líle tirẹ̀, tí yóò kó bí 24 kílò, inú funfun yóò wá ṣẹ́ ku nǹkan bí 36. Ìdajì inú funfun yìí ni epo. Gbogbo làálàá ọgọ́rùn-ún kílò wá di bí 18 kílò epo, ìyẹn bí a bá rí gbogbo rẹ̀ fún. Ẹ̀rọ ìfúnpo tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ò lè fún gbogbo rẹ̀.

Epo yẹn nìkan ò sì tíì ṣeé dà sínú mọ́tò ìgbàlódé, ó ki jù. Ọtí kan tí wọ́n ń pè ní methanol ni wọ́n ń pò mọ́ ọn pẹ̀lú sódà, irú sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ mọ̀. Bó bá pínyà tán, dísẹ́ẹ̀lì yóò léfòó, gílísẹ́ríìnì yóò rọ̀ sísàlẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò epo, bí kílò mẹ́wàá ló ń di gílísẹ́ríìnì, ohun tí wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ àti ìpara. Títí dé ibí, ó dùn létí. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Potogí ń kó kóró bòtujẹ̀ láti erékùṣù Cape Verde lọ sí Lisbon láti fi ṣe ọṣẹ àti láti tan fìtílà, nítorí náà kì í ṣe irọ́ pé ó ní epo.

Ibi tó ti dojú rú ni ìdọ̀tí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo tán. Bí ẹ bá fún ẹ̀pà, kúlíkúlí lẹ máa rí, ènìyàn ń jẹ ẹ́, adìẹ ń jẹ ẹ́. Ti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń bọ́ adìẹ ní gbogbo ayé. Ti èkùrọ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ń jẹ ẹ́. Ti bòtujẹ̀, oró wà nínú rẹ̀, oró tí iná ìdáná lásán kì í pa. Ẹ ò lè gbé e síwájú ẹran ọ̀sìn. Ajílẹ̀ ni ó dára fún, ó sì dára gan-an fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń ra ajílẹ̀ ní iye tí wọ́n ń ra oúnjẹ ẹran?

Mo fẹ́ yà díẹ̀ síbí yìí nítorí ẹ̀yin òbí. Kóró mẹ́ta péré lè mú ọmọdé bì, kí inú sì máa run ún, kí ìgbẹ́ gbuuru gbé e dé ibi tí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ ni pé kò korò, ó jọ ẹ̀pà lẹ́nu. Bí ọgbà yín bá jẹ́ ti bòtujẹ̀, ẹ gbá èso tó bá bọ́ sílẹ̀ kúrò. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ má fi epo pupa ṣe oògùn fún un, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì mú díẹ̀ nínú èso náà dání.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé Gwen Lane. Òpópónà kékeré kan ni, kò jìnnà sí ilé ìtajà ńlá Sandton City. Ibẹ̀ ni ọjà ìdókòwò Johannesburg kó wá lọ́dún 2000 láti àárín ìgboro. Mo rò pé ìpín ilé-iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí a jọ jókòó jẹun lọ́sàn-án ló là mí lóye. Ní ìpínlẹ̀ Free State ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko sọ́nfiláwà, òdòdó tó máa ń kọjú sí oòrùn yẹn. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí: iye owó tọ́ọ̀nù sọ́nfiláwà kan ní ọjọ́ yẹn, iye tó máa jẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbé e wá ní oṣù Kẹsàn-án, àti iye tó máa jẹ́ ní oṣù Kejìlá. Inú ilé tó wà ní Gwen Lane yẹn ni iye náà ti ń jáde. Àgbẹ̀ lè ta ohun tó ṣì wà lóko, kí ó mọ iye tó máa gbà kí ó tó kórè.

Mo jókòó wo iye yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kò sí igi sọ́nfiláwà kan ṣoṣo ní gbogbo Sandton, síbẹ̀ wọ́n mọ iye rẹ̀ láràárọ̀. Ní Ìsẹ́yìn, éékà mẹ́ta bòtujẹ̀ wà lórí ìdúró, ẹnikẹ́ni ò tíì dá iye kankan lé e rí.

Mo wọ súpámákẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́. Epo sọ́nfiláwà gba gbogbo pẹpẹ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń dín nǹkan lọ́dọ̀ wọn bí àwa ṣe ń fi òróró ẹ̀pà àti epo pupa se tiwa. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kóró sọ́nfiláwà ni epo. Ìyókù rẹ̀ lẹ́yìn fífún, màlúù àti adìẹ ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹni tó fẹ́ fi ṣe dísẹ́ẹ̀lì ò bá wá, ẹni tó fẹ́ fi dín ẹja yóò wá. Ohun tí bòtujẹ̀ Bàbá ò ní nìyẹn: oníbàárà kejì.

Ìjọba ilẹ̀ náà sì ti rí i ṣáájú. Ní oṣù Kejìlá 2007, ìgbà tí gbogbo wa ń ta irúgbìn bòtujẹ̀ fún ara wa, South Africa gbé ìlànà tiwọn jáde. Wọ́n yan ìrèké àti bíìtì oníṣúgà fún ọtí, wọ́n yan sọ́nfiláwà, kánólà àti ẹ̀wà sóyà fún dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n yọ àgbàdo sílẹ̀ nítorí oúnjẹ aráàlú ni. Wọ́n yọ bòtujẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé yóò gba ilẹ̀ mọ́ àwọn igi ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún epo ọkọ̀ ni wọ́n lé. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ wá bọ́ sí i fún wọn o. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 2015 ni wọ́n dá pé ìpòpọ̀ náà máa di dandan, ọjọ́ náà kọjá, ojú pọ́ńpù ò yí padà. Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti tábà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Keje, 2016, ọkọ̀ òfuurufú méjì gbéra láti Johannesburg lọ sí Cape Town pẹ̀lú epo tí wọ́n pò mọ́ èyí tó wá láti inú kóró tábà kan tí kò ní oró tábà nínú, tí àwọn àgbẹ̀ gbìn ní Limpopo. Ìyẹn náà dùn gbọ́. Bàbá ì bá ti gbìn ín ká ní wọ́n sọ fún un.

Ibi tí èrò mi dúró sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ni ìdí ọ̀pẹ. A ò fi ṣe ọ̀rọ̀ rárá, bóyá nítorí pé ó ti mọ́ wa lára jù. Ẹran ara èyin fún wa ní epo pupa. Ohun tó kù lẹ́yìn fífún di ògùṣọ̀ tí a fi ń dáná. Èkùrọ́ fún wa ní àdín, àdín lọ sínú ọṣẹ dúdú àti sí ara ọmọ tuntun. Èèpo èkùrọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ mọ bó ṣe ń jó, àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun sì ń rà á báyìí láti fi dáná. Oko ọ̀pẹ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè mú epo tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta wá lọ́dún lórí hẹ́kítà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi nípa igi epo tuntun, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé: bí ẹ ò bá rà á, kí la máa fi ṣe?

Ẹ rántí pé epo oúnjẹ ti wọ ẹ́ńjìnnì tipẹ́. Níbi ìpàtẹ ńlá Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì Diesel kan ṣiṣẹ́. Nítorí náà mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Bòtujẹ̀ gan-an ṣeé fún sínú ẹ̀rọ iná abúlé, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Garalo, ní gúúsù Mali. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ tí kò dára ń mú kí igi náà wà láàyè, kì í mú kó so dáadáa. Èso rẹ̀ kì í sì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, léraléra. Àwọn tó wọ jíìpù wá ò dárúkọ ọwọ́ yẹn.

Mo pe Bàbá ní ọjọ́ kejì. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀, ṣé ara le? Ọ̀rọ̀ bòtujẹ̀ yẹn, wọn ò rà á níbí. Wọn ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbìn ín."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ lánàá: àwọn kan tún ti dé. Kì í ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, pé àwọn òyìnbó yóò sanwó nítorí igi náà wà lórí ìdúró. Wọ́n fẹ́ kí Bàbá fọwọ́ sí i, kí ó sì fi éékà méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ méjì yẹn ni ibi tí ẹ̀gẹ́ ilé kù sí.

"Ṣé wọ́n kọ iye tí wọ́n máa san síbẹ̀, Bàbá? Ṣé wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san án?"

"Wọn ò kọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù náà kí n kà á. Bòtujẹ̀ tó wà létí ọgbà, ẹ fi sílẹ̀, ó ń lé ewúrẹ́. Èyí tó wà láàárín oko, tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa hú u."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo ti hú ìdajì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ojú ló tì mí láti sọ fún yín." Àgbàdo ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní ó ti yọ irùkẹ̀rẹ̀.

Mo wá ròyìn sọ́nfiláwà fún wọn, àti ilé Gwen Lane, àti bí ọmọ àgbẹ̀ ṣe ń rí iye ohun oko bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi dúró. Wọ́n bèèrè iye tó jẹ́, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n tún ní kí n sọ ti oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè èyí tí mi ò retí:

"Èèpo rẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Mo ní wọ́n ń jó o nínú ilé-iṣẹ́ tó ń fún epo náà, pé òun ni wọ́n fi ń gbé ìgbóná sókè.

"Ó dára," ni Bàbá wí. "Ra kóró rẹ̀ díẹ̀ bọ̀, kí n fojú rí i."